Ọmọ mi há fíìmù sórí, ó ń sá fún ìṣirò: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Dàmọ́lá (Agric)

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará Ìkòròdú. Ọ̀rọ̀ ọmọ ló gbé mi wá. Àkọ́bí mi wà ní pírámárì 5. Ẹ fi fíìmù jagunjagun hàn án lẹ́ẹ̀kan péré, yóò rò ó fún yín láti orí dé ìrù, yóò ki balógun inú rẹ̀, yóò sì sọ iye ènìyàn tó kú lójú ogun. Àmọ́ ẹ ní kó yọ 38 kúrò nínú 64, ojú á fà ro, omijé á lé ròrò. Ẹnì kan ti là á mọ́lẹ̀ fún mi pé orí rẹ̀ kò gba ìṣirò. Mi ò gbà. Ẹni tó ń ka òkú ogun, kí ló ń ṣe bí kì í bá ṣe ìṣirò?

Mo gbọ́ pé àwọn kan máa ń fi àlọ́ àti fíìmù kọ́ ọmọ. Ta ló ti dán an wò? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ní kí n wá tíṣà tí yóò máa wá kọ́ ọ nílé. A ti ní méjì, ẹkún ló fi ń pàdé wọn lẹ́nu ọ̀nà.

Ọmọ Ẹ̀bútẹ́ (Ìpakodò)

Ẹ kú alẹ́ mà. Mo ti ṣe é pẹ̀lú àwọn àbúrò mi mẹ́ta ní họlidé tó kọjá. Fíìmù òyìnbó kan wà tó jáde ní 1995, *Die Hard with a Vengeance*. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n wo gbogbo rẹ̀ o, èébú inú rẹ̀ kò ṣeé gbọ́ sétí ọmọdé. Ibì kan ṣoṣo lẹ fẹ́ lò. Wọ́n gbé bọ́ǹbù sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí omi ti ń tú jáde, wọ́n kó ike méjì fún ọkùnrin méjì, ọ̀kan gba gálọ́ọ̀nù 5, èkejì gba 3. Wọ́n ní kí wọ́n gbé gálọ́ọ̀nù 4 géérégé sórí ìwọ̀n, kò gbọdọ̀ lé, kò gbọdọ̀ dín, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ bọ́ǹbù á dún. Ìṣẹ́jú 5 ni wọ́n fún wọn.

Ibẹ̀ gan-an ni mo ti dá fíìmù dúró. Wọ́n pariwo mọ́ mi! Mo ní ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá bọ́ǹbù dún, kó bọ́ sẹ́yìn ilé.

Kẹ́ẹ̀gì òróró lítà 5 àti ti lítà 3 wà nílé wa, wọ́n wà nílé yín náà. Nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú ni wọ́n fi ń da omi síwá dà á sẹ́yìn. Màmá wa bú wa torí iná kò sí láti fa omi míì. Àbúrò mi ọmọ ọdún 8 ló rí i. Ó kún 5, ó dà nínú rẹ̀ títí 3 fi kún, 2 ló kù. Ó da 3 nù, ó da 2 yẹn sínú rẹ̀. Ó tún kún 5, ó wá ń dà nínú rẹ̀ sí 3. Lójijì ó dákẹ́, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ọ̀kan péré ni àyè tó kù níbẹ̀." N kò sọ̀rọ̀. Òun náà ló tún ní, "Ó ti ku 4!" Ó sá wọlé lọ wo ìyókù fíìmù, kò tilẹ̀ bọ́ aṣọ tó ti rin gbingbin.

Ohun kan tí mo ṣì níbẹ̀: wọ́n kọ lítà 5 sára kẹ́ẹ̀gì, àmọ́ tí ẹ bá kún un dé ẹnu, ó ń gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ kọ́kọ́ fi ìgò lítà kan wọn omi sí i, kí ẹ fi bírò fa ìlà síbi tí ó dé. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ọmọ á ṣe é dáadáa, omi á sì pè é ní òpùrọ́.

Télọ̀ Ṣàbó

Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ fíìmù, ta ni yóò ra dátà?

Ọmọ Ẹ̀bútẹ́ (Ìpakodò)

@Télọ̀ Ṣàbó ẹ̀gbọ́n mi, ìṣẹ́jú mélòó kan náà lẹ fẹ́ wò. Ẹ fà á wálẹ̀ lóru tí dátà ń fúyẹ́. Tí kò bá sí rárá, ẹ fẹnu rò ó. Àwọn àbúrò mi ti rò ó fún gbogbo ọmọ àdúgbò, kò sì sí ẹni tó wo fíìmù náà nínú wọn.

Bàbá Ìta Ẹlẹ́wà

Mo kí gbogbo yín. Ìyá Dàmọ́lá, 64 àti 38 tí ẹ dárúkọ yẹn ló mú mi rẹ́rìn-ín, torí ìdáhùn rẹ̀ wà lẹ́nu ọmọ yẹn, àwa la kò jẹ́ kó mọ̀. Ẹ pè wọ́n ní Yorùbá. Mẹ́rìnlélọ́gọ́ta. Méjìdínlógójì.

Ìtàn tí mo sọ fún àwọn ọmọ-ọmọ mi rè é. Ọkùnrin méjì ń gbé ní ìlú kan tó jẹ́ pé ogún-ogún ni wọ́n ń di owó sínú àpò. Mẹ́rìnlélọ́gọ́ta ní àpò mẹ́ta, ìyẹn ọgọ́ta, ó tún fi 4 sọ́wọ́. Méjìdínlógójì ní tirẹ̀ jẹ́ aláṣehàn. Àpò méjì ló gbé dání tó ń yan, àmọ́ ẹ tú u wò, 2 ti dín nínú rẹ̀. Ó wá ku ká mọ iye tí ẹni àkọ́kọ́ fi ju ẹni kejì lọ. Àpò mẹ́ta sí àpò méjì, àpò kan ló fi jù ú, ogún nìyẹn. Fi 4 tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kún un. Tún fi 2 tí aláṣehàn fi pa irọ́ kún un. 26. Kò sí pé à ń yá ọ̀kan lọ́wọ́ ilé kejì, kò sí ẹkún.

Ọmọ-ọmọ mi obìnrin bi mí pé kí ló dé tí a fi 2 kún un nígbà tó jẹ́ pé ńṣe ló dín. Ìbéèrè yẹn dùn mọ́ mi ju ìdáhùn lọ. Mo ní kó ronú: bí òṣì ẹni kejì bá ṣe pọ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni àlàfo tó wà láàrin wọn yóò ṣe fẹ̀ tó. Ó ronú títí, ó lọ kó ẹ̀wà jáde nínú ike, ó tò ó sílẹ̀, ó ní òun ti rí i.

Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ òǹkà wa rí. Márùndínlógún jẹ ogún ní gbèsè 5. Àádọ́ta jẹ ọgọ́ta ní gbèsè 10. Ẹni tó bá pe márùndínláàádọ́ta ti yọ nǹkan lẹ́ẹ̀mejì kó tó pa ẹnu dé: ọgọ́ta dín mẹ́wàá, dín márùn-ún. Àwọn kan ní owó ẹyọ ló wà nídìí rẹ̀. Ogójì ẹyọ ni wọ́n ń sín sórí okùn kan, àádọ́ta okùn jẹ́ ẹgbàá, ìyẹn 2,000, ẹgbàá mẹ́wàá ni ọ̀kẹ́ kan, 20,000. Ẹ ní kí ọmọ yín wá ìdí tí a fi ń pe mílíọ̀nù kan ní àádọ́ta ọ̀kẹ́. Ẹ má sọ fún un.

Ọ̀gá Tíṣà (Odógunyàn)

Ẹ má bínú, èmi kò ní bá yín yọ̀ dé òpin. Ọdún kejìlélógún mi rè é nídìí iṣẹ́ yìí. Mo ti pa àlọ́ ní kíláàsì rí. Ìjàpá jí iṣu 12, ó fẹ́ pín in fún òun, Yánníbo àti ọmọ wọn méjì. A kọrin, a pàtẹ́wọ́, ilé-ìwé gbọ́. Ọjọ́ kejì mo bi wọ́n ní ohun tí a kọ́ lánàá. Gbogbo wọn lọ́kàn kan: "Ìjàpá jalè!" Ọmọ méjì péré ló rántí pé a pín nǹkan. Orin ni wọ́n gbé lọ sílé.

Ogójì ìṣẹ́jú ni píríọ́dù kan, ọmọ inú kíláàsì lé ní àádọ́ta. Ìwé ìdánwò kò sì ní bi wọ́n léèrè Ìjàpá. Ẹ jẹ́ kí wọ́n há táìmù tébù.

Tíṣà Kékeré (Ìjẹ̀dẹ́)

Ọ̀gá mi, ẹ kú iṣẹ́ sà. Mo bọ̀wọ̀ fún ọdún tí ẹ ti lò. Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí èmi náà, ó sì pẹ́ kí n tó mọ ohun tó fà á. Ẹ wo àlọ́ yẹn sà. Ẹ yọ 12 kúrò nínú rẹ̀, ẹ sọ pé Ìjàpá jí iṣu púpọ̀. Kí ló bàjẹ́ nínú àlọ́? Kò sí. Àlejò ni nǹkan tí a kà nínú ìtàn náà, ẹnu ọ̀nà ló jókòó sí, ìdí nìyẹn tí àwọn ọmọ kò fi rántí rẹ̀. Bọ́ǹbù Ọmọ Ẹ̀bútẹ́ yàtọ̀. Yọ 4 kúrò níbẹ̀, ìtàn tán.

Mo wá tún tèmi ṣe báyìí. Ìjàpá jẹ gbèsè lọ́wọ́ ènìyàn méjì. Ẹnì kan ni Ìyá Ẹlẹ́ja, ọjà ọrọọrún nìkan ló ń gbé e wá sí ìlú Ìjàpá. Ẹnì kejì ni Àdàbà, onísùúrù, àmọ́ gbogbo ọjọ́ Sunday ló ń wá jókòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Ẹnu dídùn Ìjàpá tó láti tan ẹnì kan padà sílé. Tí àwọn méjèèjì bá pàdé, àṣírí tú, nítorí ìtàn tó sọ fún ọ̀kan kò bá ti èkejì mu. Òní ni wọ́n pàdé, wọ́n lù ú, a sì kọrin ibẹ̀. Ìjàpá wá ń bẹ kíláàsì mi: ẹ̀yin ọmọ, ọjọ́ wo ni kí n tún sá kúrò nílùú?

Àwọn kan ní lọ́jọ́ Sunday tó ń bọ̀. Mo ní kí wọ́n ṣírò ọjà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣìnà, wọ́n ń fo 5, 10, 15, torí orúkọ ọrún. Àwọn bàbá wa a máa ka ọjọ́ ọjà òní mọ́ ọn. Bí a bá ná ọjà lónìí, ọ̀la ni ó ṣe méjì, ọjọ́ tí a tún ná an ló ṣe márùn-ún. Ọjọ́ mẹ́rin ni a fi ṣí síwájú. Nítorí náà ọjà wá ní ọjọ́ 4, 8, 12, 16, 20, 24, 28. Àdàbà wá ní 7, 14, 21, 28. Ìgbà tí ọmọ kan kọ wọ́n sí ìlà méjì tí 28 dojú kọ 28, ńṣe ni kíláàsì bú sígbe: "Ìjàpá, sá ní ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n!" L.C.M. ni wọ́n ń ṣe yẹn, nọ́ńbà tó kéré jù tí 4 àti 7 jọ lè pín láìṣẹ́kù. N kò pè é lórúkọ títí di ọjọ́ kejì.

Ní ti àkókò sà, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ìṣẹ́jú ni mo lò fún àlọ́, a sì fi ọ̀sẹ̀ méjì gun orí rẹ̀. Mo kàn ń yí ọjọ́ padà: kí Àdàbà máa wá ní ọjọ́ mẹ́fà-mẹ́fà, kí ẹnì kẹta náà dé.

Ọ̀gá Tíṣà (Odógunyàn)

Ti 28 yẹn dára, n kò jiyàn. Màá jí i lò. Ṣùgbọ́n kí ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé lẹ́yìn ẹ̀, pẹ̀lú ìdárayá mẹ́wàá tí kò ní Ìjàpá nínú. Ẹni tó mọ̀ ọ́n nínú àlọ́ nìkan kò tíì mọ̀ ọ́n.

Tíṣà Kékeré (Ìjẹ̀dẹ́)

Mo gbà bẹ́ẹ̀ sà.

Àgbọn Àgbádárìgì

Èmi kì í ṣe ará Ìkòròdú, Àgbádárìgì ni mo wà, ọ̀rẹ́ mi ló fi ìjíròrò yìí ránṣẹ́ sí mi. Ẹ̀yin tí ẹ ń wá fíìmù òyìnbó kiri, ẹ̀yìnkùlé yín lọ́rọ̀ wà. Fíìmù Yorùbá tí bàbá ti kú tí ẹbí kò jà sí ogún, ẹ fi ọ̀kan hàn mí. Ẹ dá a dúró nígbà tí olórí ẹbí bá jókòó, tó ti gẹ fìlà gọ̀gọ̀rọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, kó tó la ẹnu. Ẹ bi àwọn ọmọ pé báwo ni yóò ṣe pín in.

Èyí tí a ṣe nílé wa: bàbá fi igi àgbọn 84 sílẹ̀. Ìyàwó mẹ́ta. Ìyálé bí mẹ́rin, ìyàwó kejì bí méjì, ìyàwó kẹta bí ọ̀kan. Ẹ mọ̀ pé ọ̀nà méjì ni Yorùbá ń gbà pín ogún. Tí wọ́n bá pín in ní orí-ò-jorí, ọmọ méje ni, igi 12 kan ọ̀kọ̀ọ̀kan. Tí wọ́n bá pín in ní ìdí-igi, ìdí mẹ́ta ni, igi 28 fún ìdí kọ̀ọ̀kan. Àwọn ọmọ ìyálé á rí 7-7, ti ìyàwó kejì á rí 14-14, ọmọ kan ṣoṣo tí ìyàwó kẹta bí á kó 28 lọ.

Ẹ wá wo ìjà! Mo ti pín ipò fún àwọn ọmọ kí n tó ṣí ẹnu. Ẹni tó jẹ́ ọmọ ìyálé ń lo ìṣirò láti fi hàn pé ìdí-igi rẹ́ òun jẹ, ẹni tó jẹ́ ọmọ ìyàwó kẹta ń sọ pé ìyá òun kò kéré sí ìyá ẹnikẹ́ni. Ọmọ tó kórìíra ìdá bí ẹni kórìíra ewúro ló ń sọ pé ìdámẹ́rin nínú ìdámẹ́ta ni tòun, pé ìdá kan nínú méjìlá lásán nìyẹn, nígbà tó jẹ́ pé ìdá kan nínú méje ló tọ́ sí òun. Ta ló kọ́ ọ? Ìbínú ni.

N kò sọ fún wọn èyí tó dára jù nínú méjèèjì. Àgbà ìlú gan-an kò tíì parí ìyẹn.

Àdùkẹ́ (LASUSTECH)

Mo fẹ́ fi *Hidden Figures* kún un, fíìmù 2016 lórí àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú tó ń ṣe ìṣirò ní NASA, àjọ tó ń rí sí ìrìnàjò òfuurufú ní Amẹ́ríkà. Àmọ́ kì í ṣe nítorí ìṣirò tó wà lára pátákó ibẹ̀ o, ìyẹn ga ju ọmọ pírámárì lọ. Nítorí ohun tí fíìmù máa ń ṣe fún wa ni. Ẹ kíyè sí i: nínú ọ̀pọ̀ fíìmù, ẹni tó mọ ìṣirò máa ń jẹ́ abàmì, irun rẹ̀ á rí wúruwùru, á máa kọ nọ́ńbà sára gíláàsì. Ọmọ á wò ó, á ní wọ́n bí i mọ́ ọn ni, èmi kọ́ ni wọ́n bí mọ́ ọn.

Katherine Johnson tó wà nínú fíìmù yìí, wọ́n bí i ní 1918, ó kú ní 2020 lẹ́ni ọdún 101. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ nígbà tó dàgbà pé láti kékeré ni òun ti ń ka gbogbo nǹkan: ẹsẹ̀ tí òun gbé dé títì, àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì, àwo tí òun fọ̀. Ìyá Dàmọ́lá, ẹ̀yin náà sọ pé ọmọ yín ń ka òkú ogun. Ẹ rí nǹkan?

Nígbà tí John Glenn fẹ́ yí ayé ká nínú ọkọ̀ òfuurufú ní February 1962, kọ̀ǹpútà ti ṣírò ọ̀nà náà, Glenn ní kí wọ́n jẹ́ kí obìnrin yẹn fi ọwọ́ ṣe é wò kí òun tó gùn ún. Ìgbà mẹ́ta ló yí ayé ká. Mo máa ń ní kí ọmọ wá ibi tí fíìmù ti bu iyọ̀ sí ọ̀rọ̀. Nínú fíìmù, ó dà bíi pé Glenn ti wà lẹ́nu ọkọ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣírò. Kò rí bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ yẹn ju ọjọ́ kan lọ. Ẹ jẹ́ kí ọmọ mọ̀ ọ́n, kó má rò pé tí òun kò bá rí ìdáhùn láàrin ìṣẹ́jú kan, òun ti ya òmùgọ̀.

Ìyá Dàmọ́lá (Agric)

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ ṣé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti kọjá, mo ní kí n wá jábọ̀.

Ti kẹ́ẹ̀gì kò ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ wa. Wọ́n da omi síra wọn lára ni, ó tán. Ti Bàbá Ìta Ẹlẹ́wà ló wọlé. Ọmọ yìí sọ aláṣehàn yẹn di ẹ̀dá inú fíìmù, ó fún un ní oríkì, ó fún un ní ohùn. Nísinsìnyí tó bá rí 47, á ní "ó ń yan, ó jẹ 3." Ó ṣì ń ṣì í tí nọ́ńbà bá kọjá ọgọ́rùn-ún, mi ò parọ́. Nínú ìdánwò kékeré tí wọ́n ṣe ó gba 6 nínú 10. Ẹ̀ẹ̀kan tó ṣáájú, 2 ni. Mo bá a kọ ọ́ sínú ìwé gẹ́gẹ́ bí Ọ̀gá Tíṣà ṣe wí, ó rojú, ó sì kọ ọ́.

Ṣùgbọ́n ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé ó ní òun náà fẹ́ ṣe fíìmù. Ó gba fóònù mi, ó kó àwọn àbúrò rẹ̀ àti ọmọ aládùúgbò jọ, wọ́n to àga bíi dáńfó tó ń bọ̀ láti Mile 12 sí Garage. Ẹ mọ ohun tí kọ́ńdọ̀ máa ń ṣe fún wa, kó so yín pọ̀ torí ṣéńjì. Ó so mẹ́ta pọ̀, ó na ₦1,000 ẹyọ kan sí wọn, ó ní ẹ lọ pín in: ₦500 fún bọ̀dá, ₦300 fún ìyá ẹlẹ́ja, ₦200 fún ọmọ ilé-ìwé. Mọ́tò lọ. Wọ́n dúró sí títì. Báwo ni fíìmù yóò ṣe parí?

Wọ́n ya ìparí rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Ní àkọ́kọ́, bọ̀dá sá lọ pẹ̀lú owó, dírẹ́kítọ̀ ní kò dára, gbogbo èèyàn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ẹ̀ẹ̀kejì wọ́n ra búrẹ́dì láti fi ṣẹ́ owó, ìyá ẹlẹ́ja ní òun kò jẹ búrẹ́dì. Ó wá bi mí pé eélòó ni mo ní lápò. Mo ní ₦500 kan àti ₦200 kan. Ó gbà wọ́n, ó fi ₦500 sápò bọ̀dá, ó fi ₦200 sápò ìyá ẹlẹ́ja, ó ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀. Bọ̀dá mú ₦1,000, ó fún ìyá ẹlẹ́ja ní ₦500 inú àpò rẹ̀. Ìyá ẹlẹ́ja fún ọmọ ilé-ìwé ní ₦200 tirẹ̀. Ó ní kí n bá òun ṣírò rẹ̀ bóyá wọ́n rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ. Èmi gan-an ni mo fi ìka kà á. Kò sí ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ.

Ọ̀gá Tíṣà (Odógunyàn)

Ẹ fi fíìmù náà ránṣẹ́ síbí kí n fi han kíláàsì mi. Màá dá a dúró níbi tí mọ́tò ti lọ.

Ìyá Dàmọ́lá (Agric)

Màá fi ránṣẹ́ lálẹ́ sà. Àbíkẹ́yìn mi ló ṣe ọmọ ilé-ìwé nínú rẹ̀. Láti ọjọ́ Sátidé, kò tíì dá ₦200 mi padà. Ó ní ṣéńjì òun ni.